Aládùúgbò Ọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ìtumọ̀ Nínú Ètò Tí Ọ̀rọ̀ Ń Gbé

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́ràn èdè Yorùbá gan-an. Ìwé kékeré kan kì í kúrò lápò rẹ̀: ọ̀rọ̀ Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún. Ní ọdún tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, aládùúgbò wa kan pàdánù ọmọ ọdún mẹ́ta. A jọ lọ kí wọn. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ẹ kú ìnáwó, mà.”

Ilé pa rọ́rọ́. Ìyá ọmọ wo ilẹ̀, kò dáhùn. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí a padà délé, ó ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí pẹ̀lú omijé lójú. Ohun tó kọ síbẹ̀ kì í ṣe irọ́: “Ẹ kú ìnáwó: ohun tí a ń sọ fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú.” Òkú àgbà méjì ló ti bá àwọn òbí rẹ̀ dé, ohun tó sì gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn níbẹ̀ nìyẹn. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jókòó tì í ni kò mọ̀. Kò mọ̀ pé “Ẹ kú ìrọ́jú” wà nítòsí, àti pé nítorí pé ó wà níbẹ̀ ni “Ẹ kú ìnáwó” ṣe ń sọ pé òkú yìí tó í ṣe àríyá fún.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí ohun tí mo ti kà tipẹ́ yé mi tán. Ferdinand de Saussure, onímọ̀ èdè, ọmọ ìlú Geneva ní Switzerland, tí wọ́n bí ní 1857 tó sì kú ní 1913, ló kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láàárín 1907 sí 1911 pé ọ̀rọ̀ kan kò dá ìtumọ̀ ní. Ipò tó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fún un ní ìtumọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò kọ ìwé tí ẹ̀kọ́ yìí wà nínú rẹ̀. Charles Bally àti Albert Sechehaye ló kó àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1916. Ọ̀nà ìrònú tó ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní structuralism. Èmi á pè é ní ìmọ̀ ìhun, nítorí òwú kan ṣoṣo kì í ṣe aṣọ, àrà tó wà lára aṣọ kò sì sí nínú òwú kankan. Bí òwú ṣe gba ara wọn kọjá ló di àrà.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni kí n fi bí a ṣe ń ṣe é hàn yín. Bírò kan, bébà tí ẹ gé wẹ́wẹ́, àti ẹnì kan tó dàgbà sínú ohun tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò ni ẹ nílò. Ẹni ìkẹta yìí ṣe pàtàkì ju bírò lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan ètò kékeré, kí ẹ sì pa ààlà sí i

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “àṣà Yorùbá”. Kò ní tán. Ẹ mú ohun tí ẹ lè kà tán lórí ìka: ìkíni tí a ń kí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, orúkọ tí a ń pe ẹbí, orúkọ àwọ̀, ohun tí wọ́n ń kó sórí ẹrù ìyàwó.

Saussure fi eré chess ṣe àpèjúwe ètò. Àwa ní ayò, mo sì rò pé ó tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọ́n ayò ní ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọmọ ayò rí bákan náà. Ẹ mú ẹyọ kan sọ́wọ́, kí ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n ta pé èló ni ó níye lórí. Kò ní rí nǹkan sọ. Ẹ wá jẹ́ kí ọmọ ayò yẹn jẹ́ èyí tó bọ́ gbẹ̀yìn sínú ilé ọ̀tá. Bí ó bá bá ẹyọ kan tàbí méjì níbẹ̀, tí wọ́n di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ti jẹ. Bí ó bá bá mẹ́ta níbẹ̀, tí wọ́n di mẹ́rin, ẹ ò jẹ nǹkan kan. Ọmọ ayò yẹn náà ni o. Ohun tó bá nínú ilé ló yàtọ̀.

Bí ẹyọ kan bá sọnù, ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, eré ń lọ. Òkúta náà ti di ọmọ ayò. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbẹ́ ilé kẹtàlá sára ọpọ́n, eré ti bàjẹ́ nìyẹn, bí ọmọ ayò tilẹ̀ pé. Ibi tí ààlà ètò wà nìyẹn: a lè pàrọ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe é, a kò lè pàrọ̀ bí wọ́n ṣe tò ó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yí nǹkan kan padà, kí ẹ di ìyókù mú

Irinṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ jù nìyí. Ẹ mú gbólóhùn kan, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ pàrọ̀ ohun kan ṣoṣo. Bí ìtumọ̀ bá yí, ohun tí ẹ pàrọ̀ jẹ́ ti ètò náà. Bí kò bá yí, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ó sùn. Ó sun iṣu. Ó sún síwájú. S kan náà, u kan náà, ìró imú kan náà. Ohùn nìkan ló yà wọ́n, ẹnì kan wà lórí ibùsùn, ẹnì kan wà nídìí iná, ẹnì kan sì ń rìn. Ẹ wá pariwo sọ “Ó sùn”, kí ẹ tún un sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni náà ṣì wà lórí ibùsùn. Nítorí náà ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ètò èdè wa. Ariwo àti wúyẹ́wúyẹ́ kì í ṣe tirẹ̀ ní ibi yìí.

Ètò kan náà sì lè má rí bákan náà fún gbogbo wa. Fún ọ̀pọ̀ Yorùbá, “ó sá” (ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi sá) yàtọ̀ sí “ó ṣá” (aṣọ ló ṣá). Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn, s ni méjèèjì. Kò túmọ̀ sí pé ẹnu wọn kò yí. Nínú ètò tiwọn, ìyàtọ̀ yẹn kò ṣiṣẹ́ kankan, gbólóhùn tó kù ló ń ṣe é. Nikolai Trubetzkoy àti Roman Jakobson, ọmọ Rọ́ṣíà méjèèjì, ló sọ ọ̀nà ìpàrọ̀ yìí di iṣẹ́ ìwádìí gidi: ìwé Trubetzkoy lórí ètò ìró jáde ní 1939, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohùn, nítorí kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ Saussure ti rí kedere tó èyí. Kí ni ohùn òkè? Ìyá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún tí ohùn rẹ̀ ti wúwo pe “sún”. Ọmọ ọdún márùn-ún pe “sùn”. Ẹ fi ohun èlò wọ̀n ọ́n, ó ṣeé ṣe kí ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ náà ga ju ohùn òkè ìyá àgbà lọ. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó ṣì wọ́n gbọ́. Kò sí òṣùwọ̀n kan lójú ọ̀run tí a fi ń mọ ohùn òkè. Ohun tó ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu ẹni yẹn, ní àsìkò yẹn, ni a ń pè bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá ń rú yín lójú, ẹ lọ jókòó ti onílù kan. Ó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, ọwọ́ òsì wà lára ọṣán, kọ̀ǹgọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ní kó lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, kó dúró. Ohun tí ẹ gbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ kò lè sọ bóyá ohùn òkè ni tàbí ti ìsàlẹ̀, òun náà kò lè sọ fún yín. Ẹ wá ní kó fún ọṣán díẹ̀, kó lu èkejì. Ìgbà yẹn gan-an ni àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohùn ìsàlẹ̀. Ó ti kọjá lọ kó tó di nǹkan. Ẹ sọ fún onílù gángan kó lu gbólóhùn kan náà: ìlù rẹ̀ kéré, ohùn rẹ̀ ga ju ti ìyáàlù lọ fíìfíì, gbólóhùn náà kò sì yí padà, nítorí bí ìró kan ṣe ga tàbí lọ sílẹ̀ sí èkejì kò yí.

Ìlù kì í pe s, kì í pe u. Àárín sí òkè ni “ilé”. Àárín sí òkè náà ni “iṣẹ́”, “ọtí”, “ọjọ́”. Onílù tó bá lu àárín-òkè lásán kò tíì sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè dì mú. Ìdí nìyí tí ìlù fi ń sọ̀rọ̀ gígùn: oríkì ìdílé látòkèdélẹ̀, òwe odindi, ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ìró tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e ló ń dín ohun tó lè jẹ́ kù, títí yóò fi ku ẹyọ kan. Èyí ló gbé wa dé ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tò ó ní ìbú àti ní òró

Ìbú ni àwọn ohun tó ń tẹ̀ lé ara wọn: ọ̀rọ̀ kan, òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Òró ni àwọn tó lè jókòó sí ibi kan náà, tí ẹ mú ọ̀kan, tí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a sọ máa ń gbé àwọn tí a kò sọ lẹ́yìn.

Ẹ kọ gbólóhùn yìí sórí bébà, kí ẹ fi àyè sílẹ̀: “Bàbá ____ lánàá.” Ẹ wá kọ gbogbo ohun tó lè bọ́ sí àyè yẹn fún ẹni tí kò sí láyé mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí bébà kékeré tirẹ̀. Kú. Ṣaláìsí. Papòdà. Jáde láyé. Jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Sùn nínú Olúwa. Wàjà. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa gbé wọn kiri.

Ẹ gbé “wàjà” sí i. Lójú ẹsẹ̀, bàbá náà ti di ọba. A kò kọ “ọba” sínú gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n ó ti wọlé. Ẹ gbé “sùn nínú Olúwa” sí i: ó ti di Kristẹni. Ẹ gbé “papòdà” sí i: àgbà ni, ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ni. Bí ẹ bá gbé “kú” síbẹ̀ ńkọ́? Kò sí ohun tó burú nínú “kú” fúnra rẹ̀. Ajá ń kú, igi ń kú, fóònù náà ń kú bí iná bá tán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró láàfin, tí ẹ ní “Ọba kú”, ìtìjú tàbí ìbínú tó bá tẹ̀ lé e kò ti inú “kú” wá. Inú “wàjà” ló ti wá, ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sọ. Ìdà kejì rẹ̀ nìyí: bí ọmọdé bá ní “ajá wa ti wàjà”, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti gbé adé lé ajá lórí.

Bébà kan wà tí yóò kọ̀ láti bọ́ sí àyè náà, ẹ ṣọ́ ọ dáadáa. Fún ọmọ kékeré, a kì í sọ pé “ọmọ wọn papòdà”. A ó ní “ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n.” Ẹ wò ó: ẹni tó lọ kò sí nínú gbólóhùn yẹn mọ́. Àwọn tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ náà bà lé. Ikú àgbà jẹ́ ohun tí àgbà ṣe: ó papòdà, ó jáde, ó jẹ́ ìpè. Ikú ọmọ jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òbí. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ gbólóhùn méjèèjì kí n tó rí èyí, bébà wẹ́wẹ́ orí tábìlì ló sì fi hàn mí.

Nísinsìnyí, ẹ gbé òró kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ìkíni. “Ẹ kú ìnáwó”, “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè”, “Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dáa” lápá kan. “Ẹ kú ìrọ́jú”, “Ẹ kú àmúmọ́ra”, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀” lápá kejì. “Ẹ kú àráfẹ́rakù” láàárín, tó lè lọ sí apá méjèèjì. Ẹ fa okùn láti ara òró àkọ́kọ́ sí ti èkejì. “Papòdà” ń fa “ìnáwó” àti “àṣẹ̀yìndè”. “Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀” ń fa “ìrọ́jú”. Okùn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fà kọjá síbi tí kò sí okùn ló dun ìyá yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé “Ẹ kú àráfẹ́rakù” ló kọ sínú ìwé rẹ̀, kì bá tí ṣìṣe, kì bá sì tí kọ́ nǹkan kan.

Kíkọ nǹkan sórí bébà wẹ́wẹ́ kì í ṣe àrà tèmi. Claude Lévi-Strauss, ọmọ Faransé tó ń yẹ ìtàn ìwáṣẹ̀ wò, ṣàlàyé ní 1955 pé òun máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan inú ìtàn sórí káàdì, tí òun á sì tò wọ́n bí ìwé orin àwọn ẹgbẹ́ akọrin ńlá: ẹ kà á ní ìbú kí ẹ lè sọ ìtàn náà, ẹ kà á ní òró kí ó lè yé yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sọ ohun tó yà wọ́n ní ọ̀rọ̀ díẹ̀

Èyí kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọba ni? Àgbà ni? Ẹni tó kú ni olùwà gbólóhùn, àbí àwọn tó kù? Ẹ fi àmì sí i fún bébà kọ̀ọ̀kan. Bí bébà méjì bá ní àmì kan náà pátá, ìbéèrè kan ṣì kù tí ẹ kò tíì bi. “Jẹ́ ìpè Ọlọ́run” àti “papòdà” máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn èèyàn. Ẹ bi onílé, ẹni tó dàgbà sínú ètò náà. Ó ṣeé ṣe kó sọ pé ọ̀kan dùn ún kọ sí ìwé ìkéde òkú, èkejì dùn ún sọ lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo àyè tó ṣófo

Saussure sọ pé ó tó fún èdè kí nǹkan kan dojú kọ àìsí nǹkan. Àkọtọ́ Yorùbá fi èyí hàn ju ibikíbi tí mo mọ̀ lọ. A ń fa ilà sókè fún ohùn òkè, a ń fa ilà sílẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀, a kì í fi nǹkan kan sórí ohùn àárín. Ẹni tó kọ “igba” láìsí àmì nínú ìwé tí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ní àmì, iye tó jẹ́ 200 ló kọ, kò sì sí iyèméjì. Òfìfo orí ọ̀rọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni kan náà fi “igba” ránṣẹ́ lórí WhatsApp, níbi tí kò ti fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kankan, òfìfo yẹn ti yadi. Ó lè jẹ́ igba, ó lè jẹ́ igbá, ó lè jẹ́ ìgbà tàbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Ohun tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà nínú méjèèjì kò yàtọ̀: kò sí nǹkan kan. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló yàtọ̀. Ó máa ń dùn mí nígbà tí wọ́n bá ní àmì ohùn kò pọn dandan.

Ẹ fi ọgbọ́n kan náà wo “o” àti “ẹ”. “O dé?” kò ní àbùkù kankan nínú. Ṣùgbọ́n nítorí pé “Ẹ dé?” wà, tó sì rọrùn láti mú, ẹni tó bá sọ “O dé?” fún ìyá ọkọ rẹ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́. Lẹ́nu àgbà sí ọmọdé, “o” yẹn náà di ìfẹ́. Ní ẹ̀ka-èdè tí wọn kì í ti í fi ọ̀rọ̀ ẹni púpọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, bíi Oǹdó, “o” kò lè jẹ́ àfojúdi, nítorí kò sí ẹnìkejì tí wọ́n kọ̀ láti mú. Ọ̀pọ̀ ìjà ló ti ṣẹlẹ̀ láàárín àna àti àna nítorí pé ẹnì kan gbé ètò tirẹ̀ wọ ilé ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò mìíràn

Àpẹẹrẹ Saussure níbí ni àgùntàn. Faransé ní mouton fún èyí tó ń jẹ koríko àti èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní sheep fún ti àkọ́kọ́, mutton fún èkejì. Torí náà mouton àti sheep kò níye kan náà, bí ẹ tilẹ̀ ń nawọ́ sí ẹranko kan náà. Tiwa ni “ẹran”: ẹran ń jẹko, ẹran wà nínú ìkòkò.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni màá rọ̀ yín kí ẹ dán wò fúnra yín. Ẹ ní kí ẹnì kan túmọ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó sọ pé ọkùnrin kan ní brother kan. Kò lè ṣe é láìbéèrè: ta ló ṣáájú ta dáyé? Ètò wa kò fún un láyè láti dákẹ́ lórí ọjọ́ orí. Ẹ wá fún un ní “àbúrò mi ti dé” kó túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún ní láti béèrè: ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ohun tí ètò kan fi dandan mú ni èkejì fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ìgbà yẹn, ìgbà yìí

Ẹ má da ìgbà méjì pọ̀. Ẹ yẹ ètò náà wò bó ṣe wà lónìí tán, lẹ́yìn náà kí ẹ yẹ tàná wò, lẹ́yìn náà kí ẹ fi wọ́n wéra. Ẹni tó bá ayò láàárín eré lè mọ ibi tó kù sí láìmọ bí wọ́n ṣe ta á débẹ̀.

Ìyá ìyá mi ní ìró kan tí ó yẹ́lò bí ọsàn tó pọ́n. “Aṣọ mi pupa” ló máa ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó rán àbúrò mi, tí kò ju ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, pé kó mú un wá nínú àpótí. Ọmọ náà tú àpótí yẹn délẹ̀, ó gbé aṣọ òkè aláró tó ní ìlà pupa bí ẹ̀jẹ̀ jáde, ó ní òun kò rí òmíràn. Ìró náà wà lókè pátápátá, òun ló kọ́kọ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mama kò ṣìṣe. Nínú ètò tiwọn, funfun, pupa àti dúdú ló pín ayé: epo pupa, èèyàn pupa, ìyeyè tó pọ́n pupa, gbogbo rẹ̀ ń gbé ilé kan. Dúdú gba aró àti ewé tó ṣú. Àbúrò mi ti gbọ́ “yẹ́lò” nílé ìwé. Ọ̀rọ̀ àlejò yẹn wọlé, ó gba yàrá kan, pupa sì súnra kì. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan pupa. Ẹni tó wá gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di kékeré. Bí ẹ bá ń wá bí ìtumọ̀ ṣe ń yí padà, ẹ má tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ náà nìkan. Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹnu

Lévi-Strauss àti Jakobson pàdé ní New York nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn méjèèjì sá fún ogun ni. Ohun tó gbọ́ lọ́dọ̀ Jakobson nípa ìró ló lò fún ètò ìbátan nínú ìwé rẹ̀ ti 1949. Roland Barthes, ọmọ Faransé mìíràn, ṣe bẹ́ẹ̀ fún aṣọ ìgbàlódé ní 1967. Àwa kò nílò kí a lọ jìnnà. Àrokò wà nílé.

Ẹ mú owó ẹyọ méjì. Ẹ so wọ́n kí wọ́n dojú kọ ara wọn: ìbátan ni, a fẹ́ rí ara wa. Ẹ tú okùn, kí ẹ so wọ́n kí wọ́n kẹ̀yìn síra: ìpínyà ni, ọ̀tá ni. Owó ẹyọ kan náà, okùn kan náà. Ẹ ṣe ìpàrọ̀ ti ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi owó ẹyọ ńlá rọ́pò kékeré, iṣẹ́ tó ń jẹ́ kò yí. Ẹ yí ojú rẹ̀ padà, ó yí. Bí iye bá sì jẹ́ èyí tó ṣeé pín sí méjì, ire ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù ẹyọ kan kì í mú ire wá.

Mẹ́fà àti mẹ́jọ ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ: ẹ̀jọ, ọkàn wa jọ. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ kà á sókè kó tó gbọ́ ọ. Ètò owó ẹyọ gun ètò ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ó sì ń lo ìró rẹ̀. Ẹ fi mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó lásán ló gbà.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí máa ń fẹ́ rí ìbejì níbi gbogbo: ọ̀tún àti òsì, ilé àti oko, tútù àti gbígbóná. Méjì méjì yẹn rọrùn, ó sì ń tanni. Ìkíni òkú ní apá mẹ́ta, bí ẹ ṣe rí i. Àwọ̀ mẹ́ta ni ti Mama. Bí ẹ̀yin nìkan bá rí ìyàtọ̀ kan, tí onílé kò mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ pàrọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbé e wá.

Jacques Derrida, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Faransé, náà dìde ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹwàá 1966, ó sì bi ìmọ̀ ìhun ní ìbéèrè tó le: bí ọ̀rọ̀ kan bá ń gba ìtumọ̀ lára aládùúgbò, tí aládùúgbò yẹn náà ń gbà á lára tirẹ̀, níbo ló ti dúró? Òótọ́ ni. Kò dúró. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ pa ààlà ní ìgbésẹ̀ kìíní nìyẹn, kí ẹ sì rántí pé ọwọ́ yín ló pa á. Mo sì ní ẹ̀sùn tèmi náà kún un: ètò kì í sọ̀rọ̀, èèyàn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó dúró láàfin tó ní “Ọba kú” lè jẹ́ aláìmọ̀kan, ó sì lè jẹ́ ẹni tó mọ “wàjà” dáadáa, tó fẹ́ kó dunni. Bébà orí tábìlì á fi hàn yín pé ó yan “kú”. Kò ní sọ ìdí fún yín. Ẹ ní láti mọ ẹni náà.

Bí ìwé ọmọ náà ṣe rí nísinsìnyí

Kò sí ìlà méjì mọ́ nínú rẹ̀. Ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan sí àárín ojú ìwé, àwọn tó lè jókòó sí àyè rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, àwọn tó máa ń bá a rìn lápá ọ̀tún àti òsì, àti òbìrí kékeré kan tó ṣófo fún ohun tí kò tíì rí. Gẹ̀ẹ́sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú pẹ́ńsù, kó lè pa á rẹ́. Lójú ìwé “ẹ kú ewu”, ó fi okùn so abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ pọ̀ mọ́ ẹni tó jàjà bọ́ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, “Èwo ló ṣáájú?”

Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣẹ̀yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, kí n tó kọ́ ọ ní ohunkóhun nínú ìwọ̀nyí ju gbólóhùn kan lọ, ó ní òun fẹ́ padà lọ. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, mi ò wọlé. Mo gbọ́ tó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, mà.” Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá náà tó fèsì.

“O ṣé, ọmọ mi. Wàá dàgbà.”